Kóòtù Ọjọ́ Jímọ̀ àti Tíì Àlàájì

Òórùn kóòtù yẹn ò tíì kúrò nímú mi, òórùn aṣọ tó ti pẹ́ nínú ọ̀rinrin. Òkìrìkà ni mò ń tà lọ́jà Ódáwnà, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Àkírà. Mo tú bélì aṣọ kan tí òjò ti pa, kóòtù dúdú kan sì yọ jáde. Háà! Mo ní tèmi nìyí. Mi ò fọ̀ ọ́, kó má baà súnkì. Àwọn àmì funfun inú ẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n wọ́n, mo sì ń fa eruku ẹ̀ símú.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń wọ̀ ọ́ lọ sí àdúgbò Túdù, lọ́dọ̀ Àlàájì, bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Wọ́n á fún mi ní tíì. Bí mo bá ti mu ún tán, ikọ́ dé! Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ní bàbá yìí ò fẹ́ fún mi lọ́mọ, wọ́n ti fi nǹkan sínú tíì. Èmi ọlọ́gbọ́n! Mo sọ fún wọn pé mò ń gbààwẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé ọjọ́ Jímọ̀ nìkan lo máa ń gbà á ni?”

Tíì dúró, ikọ́ ò dúró. Mo ní ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin náà wá bá mi tẹkúntẹkún: “Bàbá ní o kórìíra oúnjẹ ilé wa. Tó ò bá mu tíì wọn ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní kí n gbàgbé ẹ.”

Mo ti rù hangogo. Mo wọ kóòtù mi lọ sílé ìwòsàn, mo ro ẹjọ́ Àlàájì fún dókítà. Dókítà wo àwòrán àyà mi, ó wo kóòtù, ó yínmú.

“Ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu, òun ló ń hù nínú ẹ̀dọ̀fóró yín. Ẹ lo oògùn, kẹ́ ẹ sì lọ sun kóòtù yìí.”

Ojú tì mí. Ní Jímọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Àlàájì gbé ife tíì tèmi, wọ́n mu díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n dúró ká wò ó bóyá wọ́n á kú, wọ́n wá nà án sí mi. “Gbà.”

Wọ́n fún mi lọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé, lójú àlejò, lójú àwọn ọmọ mi, wọn ò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Bàbá yẹn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ni o.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin wa mú ọkùnrin kan wálé. Mo po tíì, mo kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó gbé e fún un. Ẹnu ya ọmọkùnrin náà. Ìyàwó mi sáré wọ yàrá lọ, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ láti pálọ̀.