Ìdáláre Kì í Ṣe Òpin Ẹjọ́

Kọfí mi ti tutù nínú ife lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo sọ̀rọ̀ lórí òfin ilẹ̀ Íńdíà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Atlanta, nítorí ẹnu mi kò sinmi. Ìwé oyè ọ̀mọ̀wé ni mò ń kọ nígbà náà, lórí bí wọ́n ṣe ń pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn níbẹ̀ bí ilé-ẹjọ́ bá dá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn lílù kàn láre. Mo ṣàlàyé pé ẹni tí wọ́n lù gan-an lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí bá ṣeé túmọ̀ sọ́nà méjì, èyí tó gbe olùjẹ́jọ́ ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé. Mo wá fi ohùn ńlá kádìí rẹ̀ pé ìdáláre kì í ṣe òpin ẹjọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Uncle Lọ́yà, ẹ ti fẹ́ sọ wá di ará Íńdíà o!" ni ẹnìkan fi ṣẹ̀fẹ̀. Orí mi wú.

Nọ́ọ̀sì kan láti Redan jókòó sẹ́yìn, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló lù ú tí apá náà fi kán. Ìjọba ti gbé ọkùnrin náà lọ sílé-ẹjọ́, obìnrin yìí sì ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ìjọ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ̀rọ̀ níbẹ̀, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn yóò parí ẹ̀ nílé. Ó ti ń kọ̀ fún wọn títí di ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀. Ó wá rò pé bí tilé kò bá yanjú, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ṣì ń bẹ níwájú. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ní kóòtù, ó ní òun kò rántí. Wọ́n dá ọkùnrin náà láre.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó wá bá mi nílé ní Austell.

"Uncle, àbúrò ọkọ mi ti padà sílé wa. Inú mọ́tò ni mo ti ń sùn tí mo bá ti kúrò ní shift. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ appeal tẹ́ ẹ sọ yẹn."

Mo ṣàlàyé fún un pé ní ilẹ̀ yìí, bí wọ́n bá ti dá ènìyàn láre, ìjọba pàápàá kò lè tún ẹjọ́ náà pè.

"Ẹ ò ṣáà sọ pé tibí yàtọ̀."

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, sir. Mo ti dà yín láàmú."

Ó ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn báyìí. Ìwé mi jáde, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì yìn ín pé àwọn kò rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló bẹ̀ mí. Èmi kò tíì bẹ̀ ẹ́.