Ta Ló Pa Nọ́ọ̀sì Illingworth?

Nọ́ọ̀sì Dorcas Illingworth ti kú. Àrùn tó ń dí àwọn ọmọ wa lọ́fun ló pa á, nínú ilé ìwòsàn onípáánù tí ìgbìmọ̀ ìlú Harrowbeck kọ́ sórí òkè, kí a má baà gbọ́ ikọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹ má bínú sí wọn, òjò ń rọ̀.

Òun nìkan ni nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù yìí. Òfin kò gba òbí láàyè láti wọlé, nítorí náà ìta ọgbà ni wọ́n ń dúró sí, òun a sì gbé ọmọ wọn sójú fèrèsé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ellen Birtwhistle, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìhunṣọ, wá wo Alfie ọmọ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i."

"Ó ti wúwo jù, Ìyá Alfie. Ọbẹ̀ mi ló ń jẹ."

Ellen rẹ́rìn-ín, ó lọ sílé. Irọ́ àánú ni. Ọmọ náà ò lè gbé itọ́ mì mọ́. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni Alfie kú sí.

Bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn yìí wà. Wọ́n ń gún un fọ́mọ láwọn ìlú mìíràn. Nọ́ọ̀sì wá sípàdé ìgbìmọ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún abẹ́rẹ́, ó bẹ̀bẹ̀ fún olùrànlọ́wọ́. Alága Pickersgill wò ó látòkè délẹ̀.

"Ọ̀fun dídùn lásán lo sọ di àjàkálẹ̀. Àbí oorun ló ń kùn ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó ń kùn mí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ti sùn ò ní jí."

Ìgbìmọ̀ nawọ́ sókè, wọ́n dìbò pé abẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ wọ ìlú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òdòdó tí wọn yóò gbìn síwájú gbọ̀ngàn ìlú.

Ní báyìí, wọ́n ní àìṣọ́ra ló pa á. Ó mà rọrùn o, láti di ẹ̀bi ru òkú. Ìgbà wo ni obìnrin kan ṣoṣo, tó ń nu itọ́ ogún ọmọ, fẹ́ ráyè ṣọ́ra rẹ̀?

Alága, ẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà Ellen. Ẹ dárúkọ gbogbo ẹni tó nawọ́ sókè pé kí abẹ́rẹ́ má wọ ìlú yìí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látorí ara yín. Mi ò retí pé ẹ ó lọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, wọ́n tún gbé ọmọ méjì gòkè. Ta ló wà níbẹ̀ tí yóò gbà wọ́n? Ẹ dáhùn.