Omi Títòrò Tí A Rù Lọ sí Ààfin

Ọdún tí oòrùn ṣókùnkùn láàárọ̀, tí àwọn adìyẹ mi tún padà wọlé lọ sùn, tí àwọn ará ìjọ ń kígbe pé Olúwa ti dé, ọdún náà ni àwa obìnrin wọ́de. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lẹ́bàá Mòwé níbí, lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, ni à ń gbé. Odò tó ń ti orí òkè ṣàn wá ni a fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Èmi ń fi sẹ́ ògì tà.

Àwọn kan wá kọ́ iléeṣẹ́ sókè odò. Bátìrì ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ń fọ́, wọ́n á yọ́ òjé inú rẹ̀, gọ́tà wọn sì ń ṣàn sínú odò wa. Kò pẹ́, pẹ́pẹ́yẹ ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Sùlé, bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n á lọ́ ọrùn, wọ́n á ṣubú.

Ìyá Sùlé ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, àwọn ọmọ ń wẹ̀ nínú odò yìí o. Lónìí, pẹ́pẹ́yẹ ni, lọ́la ńkọ́?"

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́: kí wọ́n dí gọ́tà yẹn kí òjò tó dé. A gbé ẹjọ́ náà lọ bá ọba. Kábíyèsí ránṣẹ́ pe àwọn ará iléeṣẹ́, ó ní kí àwa náà gbé omi ọ̀hún dání wá.

Ibẹ̀ la ti ṣì í ṣe. Nílẹ̀ wa, a kì í gbé omi rírú síwájú ọba. Mo jí ní ìdájí kí ẹsẹ̀ kankan tó wọ odò, mo rọra fi igbá bu ojú omi, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, mo tún jẹ́ kó tòrò nínú ìkòkò. Orí ni mo fi rù ú. Àwọn obìnrin tẹ̀lé mi, ewé lọ́wọ́, orin lẹ́nu.

Mánígà iléeṣẹ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù, dọ̀bálẹ̀ kí wa. Ó wo inú ìkòkò.

"Ẹ̀yin ìyá mi, omi tí ẹ ní kò dáa nìyí?"

Mo ní, "Òun ni."

Ó bu ife kan, ó gbé e mu, ó nu ẹnu. "Ó dùn ju píọ̀ wọ́tà lọ! Ẹ bá mi bu kún un."

Ẹ̀rín bú ní ààfin. Ìyá Sùlé fò dìde.

"Pẹ́pẹ́yẹ mi tó kú ńkọ́?"

"Màámi, ewúrẹ́ yín ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ kì í mu omi ni?"

Ọ̀kan nínú ewúrẹ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ó ń jẹ èèpo iṣu. Ẹnì kan pariwo láàárín èrò pé, "Ìyá Ológì, ẹ lọ máa ro ògì yín!"

Kábíyèsí wo ilẹ̀, ó ní ká máa lọ sílé. A ju ewé wa sójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń da omidùn kúrò lórí ògì. Ọwọ́ mi dúró. Omidùn tòrò lókè, ògì jókòó sísàlẹ̀. Òjé wúwo, kì í léfòó. Ewúrẹ́ a máa mu ojú omi, ṣùgbọ́n inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ ń ti ẹnu bọ̀. Èmi tí mo ń sẹ́ ògì láti kékeré, omidùn ni mo rù lọ bá ọba, mo fi ògì sílẹ̀ nínú odò.

Mo sáré lọ sọ fún Ìyá Sùlé. A kan ilẹ̀kùn àwọn obìnrin yòókù kiri pé ká bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò lọ sí ààfin lọ́la.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹ fẹ́ ká tún lọ pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni?"

Ojú ń tì wọ́n. Ojú ń ti èmi náà. A ò lọ. Àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ ọmọ mi, pé mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ.

Òjò dé. Àgbàrá já láti orí òkè, ó rú ìsàlẹ̀ odò, ó gbé ẹrẹ̀ dúdú lọ sínú oko ìrẹsì àti àgbàlá àwọn ará ìsàlẹ̀, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé a wọ́de rí. Gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn. Ìgbà náà la tó gbé ẹrẹ̀ lọ sí ààfin nínú bàsíà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dí gọ́tà. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ náà kó lọ.

Ẹrẹ̀ kò bá wọn lọ. Bí àgbàrá bá ti já, yóò sún sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, yóò jókòó, yóò máa dúró de òjò mìíràn. Ẹ̀bẹ̀ tó yẹ ká lọ bẹ àwọn ará ìsàlẹ̀ náà, a ò tíì bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi fẹ́ ra ilẹ̀ létí odò, wọ́n ní, "Ìyá, omi náà ti mọ́." Mo ní kí wọ́n má tíì yìn ín. Mo ní, "Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rú u títí dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá ru sókè, ẹ bù ú sínú igbá. Bó ti wù kó dọ̀tí tó, ẹ má sẹ́ ẹ. Bó bá ṣì dúdú, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe gbé e síwájú ọba."