Wáyà Aláwọ̀ Ewé Tí Mo Fi Kún Un

Bí mo bá ti gbóòórùn léèdì gbígbóná tí a fi ń lẹ wáyà títí di òní, apá òsì mi ló máa ń kọ́kọ́ rántí. Ní Igbó-Elérin ni mo ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nígbà náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ, sìlípáàsì mi sì ti jẹ tán ní gìgísẹ̀. Iná ti gbé mi lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ẹlẹ́ẹ̀kejì gbé mi ṣubú lójú ìyá mi, tí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi láti Ìyànà-Ìbà. Màmá ò sunkún. Wọ́n kàn ní, "Tó bá tún gbé ọ pẹ́nrẹ́n, wàá ti ṣọ́ọ̀bù yìí. Ṣèlérí fún mi." Mo ṣèlérí, èmi ẹni ọdún méjìlélógójì tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ mo jókòó wá ọ̀nà tí iná ò fi ní gbé mi mọ́. Mo tú tánsífọ́mà méjì nínú UPS, àpótí bátìrì kọ̀ǹpútà, tó ti kú, mo so wọ́n pọ̀ kí tẹlifíṣọ̀n tí mo bá ń tún ṣe máa gba iná níbẹ̀: àkọ́kọ́ á sọ iná ilé di kékeré, èkejì á tún sọ ọ́ di ńlá. Iná tó bá jáde níbẹ̀ ò ní wáyà kankan tó so ó mọ́ ilẹ̀ mọ́. Bí ọwọ́ mi bá ṣèèṣì kan ojú wáyà kan péré nínú méjèèjì, kò ní rí ara mi gbà kọjá lọ sílẹ̀. Ojú méjèèjì papọ̀ ṣì lè pànìyàn. Ìyẹn ò gbóògùn.

Ibi tó yẹ kí n dúró sí nìyẹn, ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Wọ́n ti kọ́ wa pé ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń gbé iná lọ sílẹ̀, ló ń dáàbò boni, ni mo bá fi wáyà aláwọ̀ ewé kan so ojú kan mọ́ irin tí mo gún mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọkàn mi balẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ òsì mi kan bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n kan. Ìdí ògiri ni mo ti bá ara mi.

Bàbá tó ń ta wáyà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tó ti ṣiṣẹ́ iná inú ọkọ̀ ojú omi rí, ló sáré wọlé. Wọ́n wo iṣẹ́ mi, wọ́n gé wáyà náà. "Ìwọ lo já a kúrò nílẹ̀, ìwọ náà lo tún lọ so ó padà. Kí lo ń sá fún gan-an?"

Nírọ̀lẹ́, màmá pè. "Ṣé kò tún gbé ọ?"

"Kò gbé mi, mà."

Láti ọjọ́ náà, iná ò gbé mi mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá òsì mi ń gbọ̀n. Bí màmá bá gbé oúnjẹ wá, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń gbà á. Wọ́n a ní, "Ọwọ́ kan lo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá ẹ báyìí?" Màá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, wọn ò bá mi wí mọ́. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n rọra gbé abọ́ náà sórí tábìlì fúnra wọn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, àti pé irọ́ mi ti rẹ àwa méjèèjì.