Gáìdì Tí Mo Fi Irin Àlòkù Ṣe

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káfíńtà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo wà, nídìí ẹ̀rọ tó ń tú ife jáde. Nígbà tí wọ́n dá àwa kan dúró, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ká jọ lọ máa ta bisikíìtì. Mo ní rárá. Bàbá mi máa ń kan àga nílé wa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kó tó kú, òórùn pákó kò sì kúrò nímú mi láti kékeré. Mo lọ bá bàbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Joju, mo kúnlẹ̀, mo ní kó kọ́ mi níṣẹ́.

Bàbá yìí mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọmọ Ọ̀tà gan-an ni, àwọn ilẹ̀kùn tó kàn nígbà èwe rẹ̀ ṣì ń ṣí, wọ́n ṣì ń tì láìhan. Òun ló gbà mí lẹ́yìn tí ọ̀gá mẹ́ta ti fi mí rẹ́rìn-ín pé obìnrin fẹ́ ṣe káfíńtà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo sì gba fíríìdọ̀mù, mo dúró tì í, a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù náà.

Ẹ̀rọ ńlá tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù là ń pè ní bánsọ̀. Abẹ ayùn rẹ̀ gùn, ó rí bíi bẹ́líìtì, ó ń yí po lórí wíìlì méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èèyàn á máa ti pákó sí i. Ó yẹ kí irin kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí pákó máa fara tì, kó má baà yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Gáìdì là ń pe irin náà. Tiwa kò ní. Tòkunbọ̀ ni, gáìdì rẹ̀ sì ti sọnù kó tó gúnlẹ̀. Bàbá kò wá òmíràn rí. Ọwọ́ lásán ló fi ń ti pákó.

"Ojú mi ni gáìdì," ló máa ń wí.

Ojú tirẹ̀ ń gbà á. Tèmi kò gbà á. Obìnrin kan gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún mi, ó fẹ́ kí orí rẹ̀ ní ogún pákó tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ ọ̀gànwó. Mo là wọ́n, mo fá wọn, mo tò wọ́n. Ó fi ìka gba orí wọn kọjá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọ́n ń ṣe gbágun-gbàgun báyìí?" Ìtìjú bò mí. Ibi tí mo ti ń la òmíràn ni abẹ ti gé orí ìka ìfábẹ̀lá mi ti ọwọ́ òsì.

Bàbá fi aṣọ di ọwọ́ náà fún mi. Ó ní, "Má sunkún. Ẹ̀jẹ̀ ni owó iṣẹ́ yìí. Gbogbo wa la ti san án." Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí mi. Ìka àárín rẹ̀ parí sí oríkèé.

Mo wo kùkùté ìka yẹn. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ò ní san ju báyìí lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìrora ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù lẹ́bàá ọ̀nà Ṣàngó, mo ṣa irin onígun méjì láti ara férémù bẹ́ẹ̀dì kan tó ti dógùn-ún. Mo ya ohun tí mo ń fẹ́ sórí páálí, mo gbé e lọ bá alájórin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó jó wọn pọ̀ fún mi. Mo wá fá pákó ìrókò kan títí tó fi dọ́gba délẹ̀, mo fi bóòtù dè é mọ́ irin náà. Mo gbé e lé tábìlì ẹ̀rọ, mo fi síkúwíà, irin tí káfíńtà fi ń wọn igun, wọ̀n ọ́n mọ́ etí tábìlì kó lè dúró ṣánṣán, mo sì dè é pinpin.

Pákó àkọ́kọ́ tí mo tì sí i kò dé àárín tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà kúrò lára gáìdì. Mo tì í padà. Ó há. Mo tún fipá tì í. Abẹ já, ó dún gbàù, èmi àti Bàbá bẹ́ sẹ́yìn.

Bàbá ní, "O rí i? Ẹ̀rọ yìí kì í gba ìjánu. Tú u kúrò." Àwọn káfíńtà tó wà ní òdìkejì títì rọ́ wá wòran. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Onígáìdì.

Mo ra abẹ míì. N kò tú gáìdì mi ká.

Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi rò ó. Lẹ́yìn náà mo mú àjákù pákó kan, mo fa ìlà gbọọrọ sórí rẹ̀, mo fi ọwọ́ lásán là á, mo ń tẹ̀ lé ìlà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo pa ẹ̀rọ, n kò sì mi pákó. Mo wò ó: pákó náà kò dọ́gba pẹ̀lú etí tábìlì. Ó yà díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Abẹ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fẹ́ gbà! Èmi ti ń fi tábìlì wọn gáìdì mi, abẹ kò sì mọ tábìlì rí. Mo sáré padà sọ́dọ̀ alájórin, mo ní kó fẹ ihò bóòtù kí gáìdì lè máa yí díẹ̀. Mo gbé e sí bí abẹ ṣe fẹ́.

Mo la ogún pákó láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀kan kò sanra ju ìkejì lọ.

Bàbá mú méjì, ó pa wọ́n pọ̀, ó gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀. Kò rí àlàfo kankan. Ó gbé wọn kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Tú u kúrò lórí ẹ̀rọ mi."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rò pé irin ló ń ṣiṣẹ́. Wọn ò ní kọ́ ojú wọn mọ́."

N kò lè pe ọ̀rọ̀ yẹn ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àmọ́ mo tún rí ọwọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, nítorí àgbà ni, ọ̀gá mi sì ni. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti dáhùn: "Mi ò ní tú u, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ lẹ̀rọ. Tó bá dùn mọ́ yín nínú, ẹ fọwọ́ ara yín tú u."

Bàbá mú sípánà, ó tú u fúnra rẹ̀, ó gbé e síwájú mi. "Lọ wá ibòmíì," ló wí.

Mo gbé gáìdì mi lé èjìká, mo jáde. Mo gba àtíbàbà kan lọ́nà Alápòtí. Gáìdì wà, ẹ̀rọ kò sí. Ayùn ọwọ́ ni mo fi ń jẹun fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àbúrò ìyá mi wá bá mi, ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ Bàbá. Mo ní, "Mo ti kúnlẹ̀, Àǹtí. Ìka ló kù tí wọ́n ní kí n fi lé e."

Nígbà tí mo wá rí bánsọ̀ tòkunbọ̀ tèmi rà, ó kéré ju ti Bàbá lọ, gáìdì mi kò sì bá a mu. Mo gé e, mo lu ihò tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Èmi àti Bàbá ń kí ara wa bí a bá pàdé. Kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí, àmọ́ àwọn káfíńtà kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ bí mo ṣe ń lo gáìdì náà.

Lọ́dún tó kọjá, ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwa káfíńtà, ọkùnrin kan dìde, ó ní mo ń ba iṣẹ́ jẹ́, pé kí n yé kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Mo dìde, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ́dọ̀ mi ni màá kọ́, ẹni tí kò bá sì fẹ́, kó jókòó sílé rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo gbúròó ẹsẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkùnrin ọjọ́sí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n mú téèpù dání. Wọ́n ń wo títì bóyá ẹnì kan rí wọn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ wọn gáìdì yẹn."

"Kò burú," ni mo wí. "Àmọ́ ẹ padà sẹ́yìn, ẹ gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé."

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n yí po, wọ́n gba ojú títì, lójú gbogbo èèyàn, wọ́n wọlé wá.