Búlọ́ọ̀kù Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Mi

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ nípa ilẹ̀ àti omi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn odò. Níbi iṣẹ́ wa ni wọ́n ti ní ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí tuntun kò ní í rí ìgbéga. Bí mo bá ti délé ní Bódìjà, màá jókòó sẹ́bàá fèrèsé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé, màá fi fóònù ti agolo mílíìkì, màá sì máa gbọ́ ohùn tíṣà wa láti ìlú òyìnbó. Ojú rẹ̀ kì í hàn, torí mo máa ń pa fídíò kí dátà má baà tán. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ tí kì í kánjú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ló sọ ohun tó lé oorun lójú mi. Ó ní ibikíbi tí èèyàn bá ń gbé, orí ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò kan pàtó ló wà, àti pé kò sí omi kankan tó rọ̀ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní ẹni tó ń dúró dè é nísàlẹ̀. Mo rò ó bíi páànù òrùlé wa: ibi yòówù kí òjò ti kán lé e, inú àgbá kan náà ló ń bọ́ sí. Ó wá ní kí kálukú lọ wá odò tirẹ̀.

Èmi rò pé mi ò ní odò. Gọ́tà ni mo ní. Iwájú ilé wa ló wà, ó jìn, ó sì fẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Bí òjò bá ti ṣú, kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó balẹ̀, gbogbo ojúlé ti gbé ìdọ̀tí wọn jáde: èèpo iṣu, ọ̀rá, agolo, páḿpásì ọmọ. A óò dúró lẹ́nu gọ́tà, a óò máa béèrè àlàáfíà ara wa títí omi yóò fi rú, nígbà náà la óò wá dà á sí i. Omi á gbé e lọ. Ibo ló ń gbé e lọ? Mi ò bi ara mi rí. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Wọ́n ní òjò ni agbálẹ̀ tí Ọlọ́run gbà fún tálákà.

Tíṣà fún wa ní àwòrán ilẹ̀ kan lórí fóònù. Bí o bá fi ìka tẹ ibi tí o wà, ìlà búlúù kan á jáde, á sì máa fi ọ̀nà tí omi rẹ ń gbà hàn ọ́. Mo tẹ iwájú ilé wa. Ìlà náà sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ọjà, ó gba abẹ́ afárá méjì, ó yí, ó tún yí, ó sì kọjá lẹ́yìn ọgbà ilé kan ní ìsàlẹ̀ Dúgbẹ̀. Mo mú ilé náà tóbi sí i lójú fóònù. Mo mọ páànù rẹ̀, torí èmi ni mo ra apá kan tó pupa níbẹ̀ nígbà tí ìjì ká ti àtijọ́ lọ. Ilé tí bàbá mi kọ́ ni. Àwọn ayálégbé ló wà níwájú. Ìyá mi ló wà ní yàrá ẹ̀yìn, àwọn nìkan, láti ìgbà tí bàbá mi ti kú.

Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sọ tèmi láti Bódìjà.

Iṣẹ́ àmúrelé tó tẹ̀ lé e ni pé ká mọ bí omi wa ṣe ń yára tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ju ọsàn mẹ́ta sínú gọ́tà, mo sì ń sá tẹ̀ lé wọn, aago lọ́wọ́, láti afárá kékeré kan dé èkejì. Obìnrin tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà bi mí pé ṣé kò sí o. Mo ní iṣẹ́ àmúrelé ni. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́," bí ìgbà tí èèyàn ń kí aláìsàn. Nígbà tí mo wọn ìyókù ọ̀nà lórí fóònù tí mo sì ṣe ìṣirò, ó já sí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Bí òjò bá rọ̀ ní Bódìjà, àádọ́ta ìṣẹ́jú ni omi rẹ̀ yóò fi dé ẹ̀yìn yàrá ìyá mi, òjò ìbáà rọ̀ ní Dúgbẹ̀, ìbáà má rọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn pé mo rí i ṣe. Ẹ ò rí i bí ìwé ṣe lè sọ èèyàn di òmùgọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ní ká lọ wá ibi tí omi ti ga dé rí. Ó kìlọ̀ pé ká má kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni léèrè, torí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá omi kì í sábà fẹ́ sọ ọ́. Ó ní nǹkan ilé ni ká wò: ògiri, ẹsẹ̀ àga, ilẹ̀kùn. Mo mú téèpù ìwọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Dúgbẹ̀.

Ìyá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ará Ṣakí ni wọ́n, ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí kì í fi ọjọ́ ìsinmi ṣeré. Ara wọn le, ẹnu wọn sì tún le ju ara lọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì wọ yàrá. Mo ti wọ yàrá yẹn àìmọye ìgbà, àmọ́ mi ò wò ó rí. Ibi tí wọ́n ń ki pulọ́ọ̀gì bọ̀, tó wà nísàlẹ̀ ògiri nígbà ayé bàbá mi, ti ga ju èjìká mi lọ. Ẹnì kan ti gbé e sókè, ó sì ti fi sìmẹ́ńtì dí ojú ihò àtijọ́. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ti jẹrà. Bíbélì àti ìwé orin, tó máa ń wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ti wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ìyá mi gbọ́dọ̀ nàgà kí ọwọ́ wọn tó tó o.

Mo wá wo bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ti ń ga. Nígbà tí bàbá mi kú, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ààyè kó ẹrù sí. Ó di méjì méjì, ó di mẹ́ta mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá ó di mẹ́rin, àpótí ni wọ́n sì ń gùn kí wọ́n tó lè sùn. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń bójú tó ilé náà, á ní, "Kábíyèsí Màámi, ẹ rọra sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́." A óò rẹ́rìn-ín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín.

Mo tan iná fóònù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Kò sí ẹrù kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ, wọ́n ti gbá a mọ́, ó sì ń rùn bíi etí odò. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ìsàlẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, láti ìdí dé orí. Ẹ̀kẹrin nìkan ni àwọ̀ sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Kí lò ń wọ̀n níbẹ̀?" Ìyá mi ti dúró lẹ́yìn mi, abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn.

"Iṣẹ́ àmúrelé ni, Màámi."

"Iṣẹ́ àmúrelé. Pẹ̀lú ewú lórí."

"Màámi, ṣé omi ti wọ yàrá yìí rí?"

"Omi wo?"

"Ẹ wo búlọ́ọ̀kù yìí."

"Ẹrù ni mo ń kó sábẹ́ ẹ̀. Ṣebí mo ti sọ fún yín."

"Ẹrù ọ̀hún dà?"

Wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀wà ọwọ́ wọn bí ẹni pé òkúta ṣì kù nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá bá mi gbé ní Bódìjà. Ọdọọdún ni mo máa ń sọ ọ́, ọdọọdún ni wọ́n sì máa ń fèsì pé ilé ọkọ àwọn ni àwọn wà, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti gbé àwọn jáde. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ní, "Ó dáa." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbé àpò méjì sẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá kọ̀ ni, ẹ̀rù ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo kọ iṣẹ́ mi pé omi ti ga dé orí búlọ́ọ̀kù kẹta, àti pé bẹ́ẹ̀dì ti wà lórí ẹ̀kẹrin báyìí. Tíṣà fún mi ní máàkì tó pọ̀ jù ní kíláàsì. Ó wá kọ ìbéèrè kan sábẹ́ rẹ̀: ta ló ń sùn níbẹ̀ báyìí? Mo dáhùn pé kò sẹ́ni. Òótọ́ ni, fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Àbúrò mi ní yàrá kì í ṣófo ní Dúgbẹ̀. Ó fi í fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé oògùn kan ní Challenge. Lọ́jọ́ tó wá gba kọ́kọ́rọ́, èmi àti ìyá mi lọ kó ìkòkò wọn tó kù. Wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀dì náà sílẹ̀ fún un. Nígbà tó rí i, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, kí ló dé tó ga tó báyìí?"

"Kó o lè rí ààyè kó ẹrù sí ni," ni ìyá mi wí.

"Ẹ ṣeun, mà."

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, téèpù ìwọ̀n ṣì wà nínú báàgì mi. Àbúrò mi ń wò mí. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo sọ fún ara mi pé màá pe ọmọbìnrin náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo tiẹ̀ gba nọ́ńbà rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìyá tèmi ti kúrò nínú yàrá náà, ọkàn mi sì ti balẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn lọ, òmíràn tún lọ. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo wà nílé, mo ń múra ìdánwò ìparí. Òjò ṣú láti apá Mọ́níyà, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Afẹ́fẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Mo gbọ́ tí àwọn ará àdúgbò ń ṣí géètì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdọ̀tí lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí ìyá mi náà ń so ẹnu ọ̀rá ìdọ̀tí ní kíṣìnnì. Kí n tó yọjú, wọ́n ti wà lẹ́nu gọ́tà láàárín àwọn yòókù, gèlè lórí, wọ́n ń dúró de omi.

Òjò náà kò kán rárá. Dídà ló ń dà. Kò pẹ́ tí gọ́tà fi kún, omi pupa gun ojú títì, ó ń wọ́ igi àti àpò lọ. Mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlá. Mo wo aago, mo wá nọ́ńbà ọmọbìnrin náà, mo sì pè é.

"Ẹ káàsán, mà."

"Níbo lo wà?"

"Ibi iṣẹ́, mà."

"Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Rárá, mà. Oòrùn ń mú gan-an."

"Yàrá ńkọ́? Ta ló wà nílé?"

"Màmá mi ni. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá lánàá, wọ́n fẹ́ tọ́jú ojú. Wọ́n á ti máa sùn báyìí."

"Pè wọ́n. Ní kí wọ́n jáde. Omi ń bọ̀."

"Wọn ò ní fóònù, mà. Omi wo?"

Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo ń wá ohun tí mo lè fi fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, mo ní, "Má bẹ̀rù, ìdí tí bẹ́ẹ̀dì yẹn fi ga nìyẹn. Bí wọ́n bá sáà ti wà lórí ẹ̀."

Ìyá mi ti wọlé, aṣọ wọn ń ro tótó, ọwọ́ wọn ṣófo. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, kí wọ́n má dúró lórí bẹ́ẹ̀dì o. Lọ́dún tó kọjá, orí bẹ́ẹ̀dì ni omi ti bá mi."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n sì lọ jókòó. Wọn ò wo ojú mi.

Alágbàfọ̀ tó ń lọṣọ níwájú ilé Dúgbẹ̀ ni ọmọbìnrin náà rí pè. Ó wọlé lọ pọn ìyá náà jáde. Ìyá ń lù ú lẹ́yìn, wọ́n ń kígbe pé gbọ́mọgbọ́mọ gbé àwọn, torí ojú wọn kò ríran dáadáa, ilẹ̀ gbẹ, oòrùn sì ń ràn. Ó ń gbé wọn jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé kejì lọ́wọ́ nígbà tí ọgbà ẹ̀yìn wó. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni mo ṣírò. Omi náà kò lò tó ogójì. Ó gba orí bẹ́ẹ̀dì kọjá, ó sì fi èèpo iṣu àti ọ̀rá sílẹ̀ lórí tìmùtìmù. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiwa níbẹ̀.

Mo yege nínú ìdánwò, wọ́n sì ti fi ìwé-ẹ̀rí ránṣẹ́. Ọmọbìnrin náà kó lọ, ó sì ní ìdí. Ní ilé wa, ìdọ̀tí ń dúró de ọkọ̀ akólẹ̀, bó tilẹ̀ ń rùn, àwọn ará àdúgbò sì ń wò mí bíi wèrè. Bí òjò bá ti ṣú, èmi á wo aago, ìyá mi náà á wò ó.

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí n yà sí Dúgbẹ̀. Àbúrò mi ti tún ọgbà mọ, ó ti kun ògiri, kọ́tìnnì ayálégbé mìíràn sì wà lójú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Búlọ́ọ̀kù ti di márùn-ún. Mo kan ilẹ̀kùn.