Èènì Orí Epo Bàálù

Ọdún kẹta tí mo dé ẹnu iṣẹ́ ní pápá bàálù Warri ni ẹkún ọkùnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n fi ẹ̀mí èèyàn wewu.

Iṣẹ́ wa ni láti wọn bí ibi tí bàálù ń lọ ti jìnnà tó, ká ṣírò iye wákàtí tí yóò lò àti epo tí yóò gbé. Àwọn èrò rò pé awakọ̀ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. A kì í bá wọn jà. Bàbá Ṣótúndé, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ará Ìjẹ̀bú ni. Yorùbá ló máa ń sọ sí mi, èmi tí wọ́n bí sí Warri á sì fi Píjìn dá a lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàálù kékeré kan ń lọ sí pápá kékeré kan ní Òkè Ọya, ìrìn wákàtí kan ààbọ̀. Ìjókòó kan ṣófo, ṣùgbọ́n ẹrù ti pé ìwọ̀n. Efe, tíṣà kan láti Ugbuwangue, dúró lẹ́nu wíńdò mi, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wọn sí ọ̀hún ni.

"Madam, abeg, look me. I no get weight at all!"

Òótọ́ ni, ó gbẹ bí ẹja pańla. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo yọ nínú epo kí àyè lè gba Efe. Èyí tó kù tó wákàtí kan ààbọ̀ gẹ́lẹ́. Bàbá Ṣótúndé yọjú wo ìwé mi.

"Nígbà tí ìyá rẹ ń ta gàrí ní Jeddo, tó bá wọn kóńgò tán, kí ló máa ń ṣe?"

"She dey add small on top, sà."

"Èènì nìyẹn. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ ni ìyá rẹ ń bu èènì fún. Ìwọ wá fẹ́ rán èèyàn lọ sójú ọ̀run láìsí èènì?"

Ojú tì mí. Mo dá epo náà padà. Efe pariwo pé ìkà ni mí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, kò lọlé.

Bàálù gbéra, wákàtí kan ààbọ̀ kọjá, kò balẹ̀. Eruku ọyẹ́ ló bo pápá tó ń lọ lójijì, awakọ̀ ò rí ilẹ̀, ló bá yà sí ìlú mìíràn. Mo di etí tábìlì mú. Nígbà tí rédíò sọ pé wọ́n ti gúnlẹ̀ láyọ̀, mo bú sẹ́kún níwájú ọ̀gá mi. Epo èènì yẹn ni wọ́n fi débẹ̀.

Mo jáde lọ bá Efe, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo sọ fún un pé èènì, tí àwa ará Warri ń pè ní jara, ló gba àwọn èrò náà là.

Lọ́jọ́ kejì ojú ọjọ́ mọ́, àyè sì gbà á. Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn bàálù ló yíjú padà.

"Madam! You don put my jara?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. "I don put am!" ni mo fi dá a lóhùn.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ọ̀nà báyìí, èmi náà sì ti fẹ̀yìn tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé gàrí lọ fún Bàbá Ṣótúndé nílé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, mo sì fi Yorùbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oore tó ṣe mí, mi ò lè san án tán. Bí mo ṣe dìde láti máa lọ, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú gàrí náà, ó dì í fún mi.

"Ọ̀nà Warri jìn," ó ní.